Mọ́tò Tó Bá Gbóná Kì í Tètè Mu Iná

Kí n tó dé Okókomáìkò, mi ò mọ̀ pé èèyàn lè sọ orúkọ ìlú ẹ̀ tán kí wọ́n gbé e lọ síbòmíràn. Mo ní Kétu ni mo ti wá, wọ́n ní ṣé Kétu tó wà lọ́nà Míìlì Túwẹ́ẹ̀fù. Mo ní rárá o, Kétu gan-an, ìlú Alákétu, tó wà lẹ́yìn bọ́dà. Wọ́n á wá mirí. Wọ́n á ní ará Kútọnu ni mí nígbà yẹn. Kútọnu jìnnà sí ilé wa, mi ò sì tíì sùn níbẹ̀ rí láyé mi. Mo ṣàlàyé títí ó fi sú mi. Nígbà tó yá, mo gbà kí wọ́n máa pè mí ní Sisí Kútọnu, mo sì ń dáhùn.

Ohun tó dùn mí níbẹ̀ ni pé mo rò pé ọ̀dọ̀ ìbátan ni mò ń lọ. Yorùbá ni wọ́n, Yorùbá ni mí. Àṣé àjò ni àjò ń jẹ́. Àwọn ará Okókomáìkò á fi Yorùbá bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, wọ́n á fi Gẹ̀ẹ́sì gbé e láàárín, wọ́n á sì fi Pijin parí ẹ̀, èmi á wá dúró bí ẹni tí mọ́tò já sílẹ̀ lójú ọ̀nà. Faransé ni wọ́n fi kọ́ mi níwèé. Faransé ò sì lè ra búrẹ́dì ní Ìyànà-Ìbà.

Wọ́n máa ń bi mí pé kí ni mo wá ṣe, nítorí wọ́n gbọ́ pé mo níṣẹ́ lọ́wọ́ nílé. Òótọ́ ni. Mò ń kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké níwèé. Ṣùgbọ́n èmi kì í ṣe ẹni tó ń fara balẹ̀. Ìyá mi máa ń sọ pé ó dà bí ẹni pé ata ni wọ́n fi fọ ẹsẹ̀ mi nígbà tí wọ́n bí mi. Lọ́jọ́ kan ni mo wo pátákó ìkọ̀wé, mo rí i pé ohun tí mo kọ sí i lọ́dún tó kọjá náà ni mo tún ń kọ. Kí oṣù yẹn tó parí, mo ti kó ẹrù mi lọ sọ́dọ̀ àbúrò ìyá mi obìnrin ní Igbó-Elérin, ẹni tó ní ṣọ́ọ̀bù kékeré tí wọ́n ti ń tẹ̀wé fáwọn ọmọ yunifásítì.

Àbúrò ìyá mi gbà mí tọwọ́tẹsẹ̀. Kò sí ohun tí mo lè sọ sí i. Ṣùgbọ́n àárò a máa mú èèyàn láàárín èrò. Ọjọ́ Ìsinmi ló burú jù. Gbogbo ọgbà á múra. Àwọn kan á gbé Bíbélì ńlá lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì tí ẹ̀rọ gbohùngbohùn ẹ̀ ò mọ ìsinmi, àwọn kan á wọ sùtánà funfun, wọ́n á rìn lọ láìwọ bàtà, pẹ̀lú àbẹ́là lọ́wọ́. Wọ́n pè mí, wọ́n pè mí, kò sí ìjọ tí wọn ò tíì pè mí dé. Ìjọ Àgùdà ni wọ́n ti rì mí bọmi, mo sì máa ń fi ìyẹn ṣe àwáwí. Tí wọ́n bá lọ tán, ilé á dá, èmi á máa fọ aṣọ tí kò dọ̀tí.

Ìgbà yẹn ni ìyá mi máa ń pè. Á sọ̀rọ̀ ewúrẹ́, á sọ̀rọ̀ ẹni tó bímọ, á sọ bí òjò ṣe rọ̀ àti bí kò ṣe rọ̀. Lẹ́yìn náà á ní, "Àjò kì í dùn kónílé má relé o." Èmi á ní mò ń bọ̀, wọ́n ò tíì fún mi láyè ni. Irọ́ ni. Ẹ̀rù ló ń bà mí. Mo ti ṣàkíyèsí Èkó dáadáa: ẹni tó bá dìde lórí bẹ́ńṣì, kó tó bojú wẹ̀yìn, ẹlòmíràn ti jókòó.

Ìṣẹ́gun kéékèèké náà wà o. Ọjọ́ tí mo dá sọdá títì ńlá Badagry tí ẹnikẹ́ni ò di ọwọ́ mi mú, mo dúró lódìkejì, mo ń rẹ́rìn-ín bíi wèrè. Ọjọ́ tí ọmọ Íbò kan tó ń tajà ní Alábà dá mi lóhùn bí ẹni pé ọmọ Èkó ni mí, pé kí n má da òun láàmú, pé èmi náà kúkú mọ iye tí wọ́n ń ta ọjà náà, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ dì mọ́ ọn. Èyí tó tóbi jù ni pé mo ríṣẹ́.

Ìyá kan wà tí gbogbo wa ń pè ní Mọ́mì Ayọ̀. Ará Èkìtì ni wọ́n, wọ́n ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba. Wọ́n ní ilẹ̀ kan lẹ́bàá títì ní Okókomáìkò, tí ọkọ wọn fi sílẹ̀ kó tó kú. Nígbà tí àwọn mọ́tò tó ń lo bátìrì dípò epo bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀ lójú títì, Mọ́mì fi sólà bo gbogbo òrùlé, wọ́n ra ẹ̀rọ kan tó ń fún mọ́tò níná kíákíá, wọ́n sì ń wá ẹni tí yóò máa dúró tì í. Iṣẹ́ mi ni láti ki wáyà bọ mọ́tò, kí n máa wo ojú ẹ̀rọ, kí n yọ ọ́ nígbà tó bá tó, kí n sì rí i pé àwọn dẹ́rẹ́bà ò fa ara wọn láṣọ ya. Èmi tí mi ò lè jókòó sójú kan, iṣẹ́ ìdúró sójú kan ni wọ́n gbà mí fún.

Àwọn tó ń wá jù ni àwọn tó ń fi mọ́tò oníbátìrì gbé èrò. Láàárọ̀, inú gbogbo wa máa ń dùn. Mọ́tò á dé, màá ki wáyà bọ̀ ọ́, nọ́ńbà tó ń sọ bí iná ṣe ń wọlé á fò sókè, kí dẹ́rẹ́bà tó mu tíì ẹ̀ tán, bátìrì ti ń kún. Ọ̀sán ni wàhálà. Ní ọ̀sán, nọ́ńbà yẹn á lọ sókè díẹ̀, á tún bọ́ sílẹ̀, á máa rá pálá. Ìlà á gùn dé ẹnu géètì. Wọ́n á máa wo ẹ̀rọ, lẹ́yìn náà wọ́n á máa wò mí.

Dẹ́rẹ́bà tí ẹnu ẹ̀ mú jù nínú wọn ni ọkùnrin ará Abẹ́òkúta kan tí wọ́n ń pè ní Wòlíì. Kì í ṣe wòlíì o, ìjọ aláṣọ funfun tó ń lọ ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ. Ó dàgbà jù mí lọ, nítorí náà Bàbá Wòlíì ni mò ń pè é. Lọ́sàn-án ọjọ́ Mọ́ńdè kan, ó ti ọ̀nà Badagry sáré dé nínú oòrùn tó ń jó èèyàn dé egungun. Ó dúró lórí ìlà títí, nígbà tó sì kàn án, nọ́ńbà ò gbé ju ìdajì ti àárọ̀ lọ.

"Sisí, ta lò ń tọ́jú iná yìí pa mọ́ fún?" Ó sọ ọ́ jẹ́ẹ́jẹ́, ìyẹn ló sì bà mí lẹ́rù. "Láàárọ̀, ó ń fáyà. Èmi dé, ó wá di siló. Ṣé torí pé èmi kì í ju nǹkan sí ẹ lọ́wọ́ ni?"

Mo ní mi ò fọwọ́ kan nǹkan kan. Mo ní kó wá wò ó fúnra ẹ̀, kò sí ibi tí mo lè yí lára ẹ̀rọ náà. Kò wò ó. Ẹlòmíràn ní òun náà ti ń fura. Ẹnì kẹta ní lọ́jọ́ tí òun ra ọsàn fún mi, iná yára. Ó sì jẹ́ òótọ́ pé ó rasàn fún mi, ṣùgbọ́n àárọ̀ kùtùkùtù ni. Kí oòrùn tó rọ̀, wọ́n ti lọ bá Mọ́mì pé kí ni wọ́n rí tí wọ́n fi fi àjèjì sídìí iná, ẹni tí wọn ò mọ ilé bàbá ẹ̀.

Mọ́mì pè mí sínú pálọ̀. Wọn ò pariwo. Wọ́n ní àwọn ò sọ pé mo jalè. Ṣùgbọ́n tí gbogbo oníbàárà bá ń sọ nǹkan kan náà, ó yẹ kí nǹkan ọ̀hún ní ìdí. Wọ́n ní kí n wá ìdí ẹ̀ fún àwọn kó tó di Fúráìdè, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, àwọn á fi ọmọ ẹ̀gbọ́n àwọn tó ti ń bẹ̀bẹ̀ fún iṣẹ́ náà síbẹ̀.

Bí ọjọ́ kejì ṣe mọ́, ẹ̀gbọ́n mi pè láti Kétu. Ìyá wa ti ṣubú lẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga. Ẹsẹ̀ wú. Mo ní kó gbé fóònù fún un. Ìyá mi ní kò sí nǹkan kan, pé ilẹ̀ ló yọ̀, pé kí n má da ara mi láàmú. Lẹ́yìn náà ó wá béèrè pé ṣé wọn ò tíì fún mi láyè.

Mo padà sọ́dọ̀ Mọ́mì. Mo kúnlẹ̀, mo sọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ojú wọn rọ̀, mo rí i. Wọ́n kí mi pé Ọlọ́run á wo ìyá sàn. Ṣùgbọ́n wọ́n ní tí mo bá lọ ní irú àsìkò yìí, àwọn dẹ́rẹ́bà á ní mo sá lọ ni, kò sì sí ẹni tó máa gbà mí padà tí wọn ò ní bá Mọ́mì jà. Wọ́n ní àwọn ò lè fi ẹ̀rọ sílẹ̀ láìsí èèyàn. "Tó o bá lọ, ọmọ mi, mi ò lè ṣèlérí fún ẹ." Mo ní ẹ ṣé mà. Mo jáde. Mo bú sẹ́kún lẹ́yìn ilé, inú sì bí mi pé mò ń sunkún.

Báyìí ni ọ̀rọ̀ ṣe rí: tí mi ò bá mọ ohun tó ń fa iná sẹ́yìn, iṣẹ́ bọ́. Tí mo bá sì lọ wo ìyá mi, iṣẹ́ bọ́.

Mi ò lè jókòó. Mo nu ẹnu wáyà, mo nu ojú ẹ̀rọ, mo gbàdúrà sí i. Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í yí mọ́tò kọ̀ọ̀kan po bí ẹni tó fẹ́ rà á. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan náà ni mo rí ohun tó ta mí jí. Mọ́tò kan wà tó ti sùn sínú ọgbà wa láti àná, nítorí pé olówó ẹ̀ rìnrìn-àjò. Nígbà tí ọkùnrin náà dé, tó ní kí n fi iná sí i, iná wọlé wàrà-wàrà, nínú oòrùn ọ̀sán gangan, bí ẹni pé àárọ̀ ni. Mo yọ ọ́, mo ki wáyà kan náà bọ mọ́tò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti títì dé. Ó rá pálá. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo na ọwọ́ sábẹ́ ẹ̀. Ooru tó ń ti ibẹ̀ jáde dà bíi ti ìdí ààrò.

Mo bẹ àbúrò ìyá mi pé kó wá bá mi dúró díẹ̀, mo gba Alábà lọ. Ẹni tó to ẹ̀rọ náà fún Mọ́mì wà níbẹ̀, Ọ̀gá Ébúkà. Alábà ni wọ́n bí i sí, ó gbọ́ Yorùbá jù mí lọ, ṣùgbọ́n tó bá fẹ́ kí ọ̀rọ̀ ẹ̀ wọ èèyàn létí, Pijin ló máa ń sọ. Ó gbọ́ mi tán, ó rẹ́rìn-ín.

"No be your machine," ó ní. "Na the motor dey talk am. E dey tell the machine say, abeg, my belly hot, give me small small."

Ó wá ṣàlàyé fún mi wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Ó ní ẹ̀rọ ò lè fún mọ́tò ju ohun tí mọ́tò bá béèrè lọ. Ọpọlọ kékeré kan wà nínú mọ́tò tó ń ṣọ́ bátìrì. Tí bátìrì bá ti gbóná látàrí eré sísá àti oòrùn, tí wọ́n bá tún wá ń ti iná wọ̀ ọ́ tipátipá, iná ọ̀hún fúnra ẹ̀ á tún dá kún ooru. Ohun tó wà nínú bátìrì á bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́, ọjọ́ ayé ẹ̀ á kúrú, tó bá burú, ó lè gbiná. Ìdí nìyẹn tí ọpọlọ yẹn fi máa ń dín iná kù, kó lè dáàbò bo ara ẹ̀. Ó ní òtútù náà ní tiẹ̀. Nílẹ̀ àwọn òyìnbó, nígbà yìnyín, ohun inú bátìrì á máa rìn bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí, iná ò sì ní lè tètè wọlé. Níwọ̀ntúnwọ̀nsì ni bátìrì fẹ́ gbogbo nǹkan. Ní tiwa ní Ọ̀jọ́ níbí, ooru ló ń yọ wá lẹ́nu.

Mo ní kí ni kí n ṣe. Ó ní kí mọ́tò sinmi níbi tútù kí wọ́n tó fi iná sí i, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Inú mi dùn débi pé mo fẹsẹ̀ rìn títí kí n tó rántí wọ ọkọ̀. Àfi bí mo ṣe dé tí mo sọ fún àwọn dẹ́rẹ́bà, wọ́n rẹ́rìn-ín mi títí omijé fi ń bọ́ lójú wọn. Wòlíì ní, "Ẹ gbọ́, mọ́tò bá Sisí Kútọnu sọ̀rọ̀. Faransé ló sọ àbí Ẹ̀gùn?" Ó ní tó bá jẹ́ ooru ni, ìyẹn ò le. Ó pọn omi, ó dà á sábẹ́ mọ́tò, bí wọ́n ṣe máa ń dà á sórí ẹ́ńjìnnì àtijọ́ tó bá hó. Èéfín rú díẹ̀. Nọ́ńbà ò mira. Bátìrì wà nínú àpótí irin tí wọ́n dé pa, ẹ̀yìn irin nìkan ni omi mú tutù. Ó wò mí bí ẹni tó ti jẹ́rìí sí i pé irọ́ ni mò ń pa.

Mo ro ọ̀rọ̀ yẹn nígbà tí mò ń lọ sílé. Ọ̀rọ̀ àjèjì kì í tètè wọlé, ẹnu ọ̀nà ló máa kọ́kọ́ dúró sí. Ká ní àbúrò ìyá mi tó ti pẹ́ níbẹ̀ ló sọ ohun tí mo sọ, wọ́n á ní ó mọ nǹkan. Èmi sọ ọ́, ó di àwàdà. Nílé, ní Kétu, mo máa ń bínú pé gbogbo èèyàn mọ̀ mí jù, pé mi ò lè sín kí wọ́n má béèrè pé kí ló ṣe mí. Níbí, mo lè sín títí di ọ̀la. Mo ti wá ohun tí mo fẹ́, mo ti rí i, kò sì dùn. Inú bí mi sí ara mi, inú bí mi sí Wòlíì, mo sì tún ń ronú ẹsẹ̀ ìyá mi.

Lọ́jọ́ kejì, kó tó bẹ̀rẹ̀ àwàdà ẹ̀, èmi ni mo kọ́kọ́ bi í.

"Bàbá Wòlíì, tí jẹnẹrétọ̀ yín bá ti ṣiṣẹ́ tó gbóná, kí lẹ máa ń ṣe?"

Ó ní òun máa ń pa á kó sinmi ni. Mo ní kí ló dé. Ó ní kó má baà kú, ta ni ò mọ ìyẹn. Ẹnu ẹ̀ ṣì là nígbà tí ọ̀rọ̀ náà bọ́ sí i níkùn. Ó lọ na ọwọ́ sábẹ́ mọ́tò ẹ̀, ó fà á yọ kíákíá.

"Ó dáa," ó ní. "Tí mo bá wá kúrò lórí ìlà lọ sinmi lábẹ́ igi, ta ló máa bá mi di àyè mi mú?"

Ìgbà yẹn ló tó yé mi. Kì í ṣe pé wọn ò gbà mí gbọ́ nìkan. Kò sí ẹni tó ń fi ìlà sílẹ̀ ní Okókomáìkò. Kí mọ́tò jóná lórí ìlà tẹ́ wọn lọ́rùn ju kó sinmi kó sì pàdánù àyè ẹ̀. Ohun tó ń ba èmi náà lẹ́rù nìyẹn.

Òun fúnra ẹ̀ ló rí i. Ó ṣí bùútù, ó gbé kẹ́ẹ̀gì òfìfo kan jáde, irú èyí tí wọ́n fi ń ra epo. Mo ní kí ni mọ́tò tí kì í mu epo fẹ́ fi kẹ́ẹ̀gì ṣe. Ó ní ọ̀wọ́n epo tí òun ti fojú rí nílùú yìí, kẹ́ẹ̀gì ò lè kúrò nínú bùútù òun títí òun fi máa kú. Ó gbé e kalẹ̀ síbi tí mọ́tò ẹ̀ wà, ó wa mọ́tò lọ sábẹ́ igi fúrúùtù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Kò sí ẹni tó bá a jiyàn. Ní Kétu, inú ìgò ni wọ́n ti ń ta epo lẹ́bàá ọ̀nà, a kì í tò fún un, nítorí náà mi ò mọ òfin kẹ́ẹ̀gì. Wọ́n ní ẹni tó bá ti gbé kẹ́ẹ̀gì ẹ̀ sílẹ̀ lórí ìlà, òun fúnra ẹ̀ ló wà níbẹ̀. Tí ìlà bá sún, tí kò sì sí nítòsí, ẹni tó wà lẹ́yìn ẹ̀ ló máa fi ẹsẹ̀ tì í síwájú. Ẹni tó bá fo kẹ́ẹ̀gì ẹlòmíràn, gbogbo ìlà ló máa bá a jà.

Nígbà tó kan Wòlíì, ó wa mọ́tò ẹ̀ wá láti abẹ́ igi. Mo ki wáyà bọ̀ ọ́. Nọ́ńbà gòkè, ó tún gòkè. Kò dé ti àárọ̀, ṣùgbọ́n ó ju ti àná lọ fíìfíì, kò sì já wálẹ̀. Wòlíì tẹjú mọ́ ọn bí ẹni tó ń wo iṣẹ́ ìyanu. Kò kí mi, kò bú mi. Ó kàn tètè lọ, ẹni tó kàn sì tètè bọ́ síbẹ̀. Kó tó di Tọ́sìdè, kẹ́ẹ̀gì ti tò síwájú ẹ̀rọ wa, pupa, búlúù, èyí tó ti ya létí. Àwọn tó ń kọjá ń yà wá béèrè pé ṣé a ti ń ta epo ni.

Fúráìdè tí Mọ́mì dá pé. Lọ́sàn-án, àwọn mọ́tò wà lábẹ́ igi, àwọn dẹ́rẹ́bà ń sinmi pẹ̀lú wọn. Jíìpù ńlá oníbátìrì kan wọlé. Ọ̀gá tó wà nínú ẹ̀ rí i pé kò sí mọ́tò kankan nídìí ẹ̀rọ, ó sọ̀ kalẹ̀, ó fi bàtà ti kẹ́ẹ̀gì àkọ́kọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí jíìpù lè ráàyè. Kẹ́ẹ̀gì Wòlíì ni.

Mo ní ẹ jọ̀ọ́ sà, ìlà wà. Ó bojú wo ọ̀tún, ó bojú wo òsì, ó ní ìlà dà, ṣé kẹ́ẹ̀gì ni mo fẹ́ fi iná sí. Ká sọ tòótọ́, ọ̀rọ̀ ẹ̀ mọ́gbọ́n wá. Ó gbọ́ ohùn mi, ó wá béèrè pé níbo ni mo ti wá gan-an. Mo mọ ìbéèrè yẹn. Mo mọ ibi tó máa ń já sí. Mo rìn lọ dúró síwájú jíìpù, mo gbé ẹnu wáyà mọ́ àyà. Mọ́mì ti yọjú lójú fèrèsé.

"Ìdí ẹ̀rọ yìí ni mo wà, sà," mo ní. "Ẹni tó ni kẹ́ẹ̀gì yìí ló kàn."

Wòlíì dìde lábẹ́ igi. Kò sáré. Ó gbé kẹ́ẹ̀gì ẹ̀ padà sáàyè ẹ̀, ó sì dọ̀bálẹ̀ díẹ̀ fún ọ̀gá náà. Ó ní kí wọ́n má bínú, bí mo ṣe wí ni ó rí, kí àwọn náà wá nǹkan sórí ìlà, kí wọ́n sì wa jíìpù wọn bọ́ sí ibòòji, nítorí mọ́tò tó bá gbóná kì í tètè mu iná. Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ti mọ̀ ọ́n láti ọjọ́ tó ti dáyé. Ọ̀gá náà wò wá títí, ó rẹ́rìn-ín, ó sì fi agboòrùn ẹ̀ sílẹ̀ lẹ́yìn kẹ́ẹ̀gì tó kẹ́yìn.

Mọ́mì jáde wá. Wọ́n béèrè ohun tí mo rí. Kí n tó lanu, Wòlíì ti dáhùn. Ó ní iná ò ṣe nǹkan kan, mọ́tò àwọn ló ń gbóná, òun sì ti bínú sí ẹni tí kò ṣẹ òun. Ó ní kí n má bínú. Mo fẹ́ sọ pé mi ò bínú, ṣùgbọ́n mo ti bínú gan-an, mo sì sọ fún un. Ó ní òun mọ̀.

Mọ́mì ní ó kù ibì kan. Wọ́n sọ fún un pé ìyá mi ṣubú nílé, pé mo fẹ́ lọ wò wọ́n, pé àwọn ò mọ ohun tí àwọn máa ṣe sí ẹ̀rọ. Wòlíì wò mí bí ẹni tó ń rí mi fún ìgbà àkọ́kọ́. Ó padà sídìí mọ́tò kan lábẹ́ igi, ó yá kẹ́ẹ̀gì kan lọ́wọ́ ẹnì kan níbẹ̀, ó gbé e wá, ó gbé e kalẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ, níbi tí mo máa ń dúró sí.

"Ti Sisí nìyí," ó sọ fún Mọ́mì. "Ẹ jẹ́ kó lọ wo ìyá ẹ̀. Àwa tá a kù la óò máa tì í síwájú."

Mọ́mì wo kẹ́ẹ̀gì náà. Wọ́n ní àwọn á máa dúró ti ẹ̀rọ láàárọ̀, kí àwọn dẹ́rẹ́bà máa gba ọ̀sán láàárín ara wọn, kí n gbéra lọ́la. Mo kàn kúnlẹ̀ síbẹ̀.

Lórí ẹní ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni mo ti bá ìyá mi. Wọ́n ti di ẹsẹ̀ ẹ̀, ó ti ń fà á lọ díẹ̀díẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín, ó sunkún, ó ní mo ti rù, ó tún ní mo ti sanra. Mi ò lè jókòó pẹ́. Mo dìde, mo gbálẹ̀. Mo lọ pọnmi. Mo padà, mo yẹ fóònù wò, mo ro bí oòrùn ṣe máa mú tó ní Okókomáìkò lákòókò yẹn, mo ro bóyá Mọ́mì rántí pé kí wọ́n jẹ́ kí mọ́tò sinmi. Ìyá mi ń wò mí láti ìgbà tí mo ti bẹ̀rẹ̀.

"Ṣé wọ́n á gbà ọ́ padà níbẹ̀?" ó béèrè.

Mo ní wọ́n ti fi àyè mi sílẹ̀ dè mí. Mo sọ ọ̀rọ̀ kẹ́ẹ̀gì fún un, mo sọ bí wọ́n ṣe ń fi ẹsẹ̀ tì í síwájú fún ẹni tí kò sí nítòsí. Ó ní àwọn èèyàn yẹn mà dáa. Ó fara balẹ̀ ronú sí i. Lẹ́yìn náà ó fa ẹsẹ̀ tó ń dùn ún mọ́ra, ó sì fi ọwọ́ gbọn ẹ̀gbẹ́ ẹní níbi tó ṣófo.

"Níbí náà," ó ní, "a ò tíì fi àyè rẹ fún ẹnikẹ́ni."